Ta ló ń ka ọjọ́ fún etí? Bí ìtọ́jú ìgbọ́ràn ṣe ń pẹ́ ní ọsibítù ìjọba, nílé àti ní ìlú ọba

Tí eyín bá ń dun èèyàn lóru, ilẹ̀ ò ní mọ́ dáadáa tó fi máa wá dókítà lọ. Tí ojú bá pọ́n, gbogbo ará ilé ló máa rí i. Etí ò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń lọ, lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni, kì í wú, ẹlòmíì ò sì lè fojú rí i. Ìdí àkọ́kọ́ tí ìtọ́jú etí fi máa ń pẹ́ nìyẹn, kódà kí èèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù rárá.

Àwọn èèyàn wa tó ti jápa lọ sí ìlú ọba máa ń ráhùn pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí àwọn ti ń dúró de ìdánwò etí ní NHS. Àwọn tó wà nílé á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní NHS, kí lẹ tún ń sọ?" Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́hùn-ún, ẹnì kan wà tó ń ka ọjọ́. Nílé níbí, kò sẹ́ni tó ń kà á. Kódà lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń kà á, apá kan lára ọjọ́ náà ni wọ́n ń kà. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ jù kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti ìlú ọba bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ wà.

Aago méjì tí NHS ń wò

Láti 1948 tí NHS ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún aráàlú ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ìjọba wọn kọ́kọ́ ṣe, Medresco ni wọ́n ń pè é: àpótí kan tí èèyàn á gbé sára, tí wáyà á ti ibẹ̀ lọ sínú etí, tí bátìrì rẹ̀ á tún dá wà lọ́tọ̀. Lónìí, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fúnni kéré, ẹ̀yìn etí ló ń jókòó sí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń tò ó kó bá etí oníkálukú mu. Wọn kì í tà á, wọ́n ń yáni ni, bátìrì rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní NHS ò ṣe nǹkan kan fún etí, ẹ má gbà á gbọ́.

Láìnì ni wàhálà. Aago méjì ni wọ́n ń wò ní England. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò: tí dókítà bá ti kọ̀wé pé kí wọ́n lọ dán etí ẹnì kan wò, kò yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ 6 kí wọ́n tó dán an wò. Nínú 100 èèyàn, ẹni 1 péré ni wọ́n gbà kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ìdánwò etí wà lára ìdánwò 15 tí wọ́n ń ka iye ọjọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń gbé e jáde kí gbogbo ayé rí i. Aago kejì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 18, láti ọjọ́ tí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ti kọ̀wé síwájú títí di ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Nínú 100 èèyàn, ó yẹ kí 92 ti bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ 18 yìí. Láti 2016 ni England ò ti lè mú ìlérí yẹn ṣẹ mọ́. Nígbà tí Kòrónà wá dé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tí kì í ṣe pàjáwìrì, etí wà lára ohun tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àtìgbà náà ni ìdánwò etí sì ti wà lára àwọn tó ń pẹ́ jù.

Ẹ wá wo ibi tí aago náà ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti ń dúró. Aago ọ̀sẹ̀ 6, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe ìdánwò ló ń dúró. Ọjọ́ ìdánwò kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ sí màmá létí. Aago ọ̀sẹ̀ 18 tí wọ́n ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n, ti iṣẹ́ tí dókítà àgbà ń darí ni. Ẹni tí GP bá fi ránṣẹ́ tààrà sí audiologist, ìyẹn onímọ̀ ìgbọ́ràn, pé kó lọ gba ẹ̀rọ, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ tirẹ̀ sí. Ẹni yẹn sì ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà tó ń wá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn.

Kí aago tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Etí tí ìdọ̀tí bá di pa kò ṣeé dán wò dáadáa. Nígbà kan, ní ọ́fíìsì GP ni nọ́ọ̀sì ti máa ń fọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ GP ti pa iṣẹ́ yẹn tì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ sanwó níta. Bí bàbá kan bá wá dúró oṣù méjì torí pé kò tíì rówó fọ etí, kò sí lórí láìnì kankan. Lójú àkọsílẹ̀, kò tíì máa dúró.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dé etí tán, iṣẹ́ ṣì kù. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún wọn, sọ ní 2018 pé ó yẹ kí wọ́n tún rí ẹni tó gba ẹ̀rọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, kí wọ́n lè tún un tò. Ẹni tó bá ti lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í rọrùn: ṣíbí tó bọ́ sínú àwo á máa dún bí ìbọn. Tí kò bá sẹ́ni tó tún un tò, inú dúrọ́ọ̀ ló ń lọ. Ó ti kúrò lórí láìnì, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tí wọ́n ti tọ́jú, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí láìnì fi ń kúrú: kí wọ́n lé èèyàn kúrò lórí rẹ̀. Ní 2015, àwọn tó ń mójú tó owó NHS ní North Staffordshire pinnu pé ẹni tí ìgbọ́ràn rẹ̀ dín díẹ̀ kò ní gba ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ ní England, ariwo sì pọ̀ lórí ẹ̀. NICE wá sọ ọ́ ní 2018 pé kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ìdánwò gbé jáde nìkan ni kí wọ́n fi pinnu, bí kò ṣe bóyá onítọ̀hún ń gbọ́ ara ẹ̀ yé pẹ̀lú àwọn èèyàn.

Láìnì tún lè kúrú kí ìtọ́jú sì burú. Ní Scotland, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2021 lórí ẹ̀ka ìgbọ́ràn àwọn ọmọdé ní NHS Lothian, ìyẹn Edinburgh àti agbègbè rẹ̀, fi hàn pé wọ́n ti ń dán àwọn ọmọ wò ní ti dídánwò, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n sọ fún àwọn òbí kan pé ọmọ wọn ń gbọ́, nígbà tí ọmọ ò gbọ́. Ọjọ́ orí tí wọ́n ti ń mọ̀ pé ọmọ kan kò gbọ́ níbẹ̀ lé ní ọdún 4 tí wọ́n bá pín in dọ́gba. Ọdún mẹ́rin! Aago ò sì ké.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú màmá wá sí ìlú ọba kí wọ́n lè "tọ́jú etí wọn": ẹni tó wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò kò ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ọsibítù NHS. Wọ́n máa ń gba 150% iye tó ń ná NHS lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nílé, kò sí aago

Àwọn ọsibítù ńlá tí ìjọba ní tó ń tọ́jú etí nílẹ̀ Yorùbá kò ju ohun téèyàn lè fọwọ́ kà lọ: UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH n'Íkẹjà, OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀, UITH n'Ílọrin, àti àwọn díẹ̀ míì. Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní ENT, ti etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìjọba àpapọ̀ tún ní ọsibítù kan tó jẹ́ ti etí gangan, National Ear Care Centre, ṣùgbọ́n Kàdúná ló wà. Mi ò tíì rí èyí tó ń gbé e jáde lóṣooṣù nínú wọn pé iye ọ̀sẹ̀ báyìí ni aláìsàn fi dúró kó tó rí wa. Kò sí ìlérí ọ̀sẹ̀ 6, kò sí ti 18.

Láìnì wà o, ó kàn fọ́n káàkiri ni. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Ṣakí, tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún méjì tí kò tíì pe "mọ́mì." Ìyá àgbà á kọ́kọ́ ní kó fara balẹ̀, pé bàbá ọmọ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́fà á lọ sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà, kẹ́mísìtì á ta oògùn tí wọ́n ń kán sétí fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, àdúrà. Mi ò bá àdúrà jà o, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àdúrà àti káàdì ọsibítù máa rìn pọ̀ ni. Tó bá dé jẹ́nẹ́rà, dókítà ibẹ̀ á kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ENT n'Íbàdàn. Owó ọkọ̀ nìyẹn, ọjọ́ ọjà tí kò tà nìyẹn. Ó dé ibẹ̀, ó gba káàdì, wọ́n ní ọjọ́ tí dókítà etí ń jókòó ti kọjá lọ́sẹ̀ yìí. Ó padà wá. Dókítà wò ó, ó ní kí wọ́n lọ ṣe ìdánwò. Ọmọ ọdún méjì ò lè nawọ́ sókè pé òun gbọ́ ìró, torí náà ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ABR ni wọ́n máa ń lò, tó ń wo bí ọpọlọ ṣe ń dáhùn sí ìró nígbà tí ọmọ bá ń sùn. Ọsibítù tó ní in kò pọ̀, èyí tó sì ní in, ẹ̀rọ lè wà kí iná má sí, iná lè wà kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ti jápa.

Tí wọ́n bá wá rí i pé ọmọ nílò ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ibẹ̀ gan-an ni láìnì tó gùn jù ti bẹ̀rẹ̀: láìnì owó. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi owó ara wọn rà á, òṣìṣẹ́ tó bá sì ń gba 70,000 náírà tí ìjọba pè ní owó oṣù tó kéré jù, owó oṣù mélòó kan ló máa kó lé e lórí, etí kan péré nìyẹn o. Bátìrì náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Nínú ìwé ọsibítù, wọ́n ti tọ́jú ọmọ yìí: wọ́n dán an wò, wọ́n sọ ohun tó ń ṣe é. Nínú ilé wọn, ọdún kẹta ti ń lọ.

Fún ọmọdé, ìdádúró yìí ò dà bí ìdádúró lórí ohun míì. Ìlànà tí àgbáyé ń tẹ̀lé rọrùn láti rántí: 1, 3, 6. Kí ọmọ tó pé oṣù 1, kí wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò. Kó tó pé oṣù 3, kí wọ́n ti mọ̀ dájú bóyá ó ń gbọ́. Kó tó pé oṣù 6, kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni ọpọlọ ń kọ́ bí èdè ṣe ń rí. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sétí ọmọ ọdún mẹ́fà lè jẹ́ kó gbọ́ ìró, àmọ́ ìró yẹn á ṣòroó yí padà di ọ̀rọ̀ fún un. Ní England, láti 2006 ni wọ́n ti ń yẹ etí gbogbo ọmọ tuntun wò káàkiri. Nàìjíríà ò ní irú ètò tó kárí gbogbo ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe níbí. Láti nǹkan bí 2005, dókítà àwọn ọmọdé kan, Bọ́lájókòó Olúsànyà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, gbìyànjú ẹ̀ wò l'Ékòó. Ọgbọ́n tí wọ́n dá dùn mọ́ mi púpọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ni wọn ò bí sí ọsibítù, torí náà wọ́n lọ jókòó síbi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG fún ọmọ. Ibi yòówù kí wọ́n bí ọmọ sí, àwọn ìyá máa ń gbé e wá fún BCG. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe onímọ̀ ìgbọ́ràn ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà. Ìwádìí yẹn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àjọ WHO ní 2008. Ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 2,000. Ibi tó ti ń jò ni ìgbà tí wọ́n bá ní kí ìyá gbé ọmọ padà wá fún ìdánwò kejì. Ọ̀pọ̀ ò padà wá. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń mu ọyàn, kò sí ibi tó ń dùn ún, ẹ wá ní kí ìyá pa ọjà tì torí nǹkan tí kò fojú rí.

Aláìgbọràn

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èdè wa, torí mo rò pé ó wà lára ohun tó ń fi ọjọ́ ṣòfò. Ní Yorùbá, ọmọ tó ń gbọ́ràn ni ọmọ dáadáa. Èyí tí kì í gbọ́ràn, aláìgbọràn, olórí kunkun ni. Etí àti ìwà, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pè wọ́n. Ẹ wá wo ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìn tí kò dáhùn. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Ohun tó kàn kì í ṣe ìbéèrè, ìgbájú ni. "Ṣé etí ẹ di ni?" Èébú la fi ń ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè gidi ni ì bá jẹ́. Ní ilé ìwé, tíṣà á ní kó lọ jókòó sẹ́yìn torí kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ẹ̀yìn, níbi tí kò ti ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ pátápátá.

Ti àwọn àgbà yàtọ̀ díẹ̀. Tí etí bá ń gbó, ìró tó tín-ínrín ló kọ́kọ́ ń lọ: s, f, ṣ, t, k. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ Yorùbá wà nísàlẹ̀ ìró, apá yẹn ló sì máa ń pẹ́ jù lára. Ẹ wo "ó fá orí", "ó ṣá orí", "ó sá." Ohùn kan náà, fáwẹ́lì kan náà, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló yà wọ́n. Bàbá á gbọ́ orin tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ gan-an ni kò ní dá yàtọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bínú tẹ́ ẹ bá ní wọn ò gbọ́ràn mọ́: "Mò ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ̀ ń kùn sẹ́nu." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń gbọ́ ohùn.

Ní ìlú ọba pàápàá, ohun tí àwọn tó ń ṣèwádìí ti ń sọ tipẹ́ ni pé ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 10 láti ìgbà tí èèyàn ti fura sí etí ara rẹ̀ títí di ìgbà tó máa lọ rí dókítà. Ọdún 10! Ẹ gbé ọ̀sẹ̀ 6 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ò sọ pé kí wọ́n má ka ọ̀sẹ̀ 6 o. Mo ní ẹ wo ibi tí ọjọ́ ti ń lọ jù.

Ẹni tó yẹ kó dán etí wò

Láìnì ò lè kúrú níbi tí kò ti sí òṣìṣẹ́. WHO sọ nínú ìwé ńlá tí wọ́n gbé jáde lórí ìgbọ́ràn ní 2021 pé èèyàn tó nílò ìtọ́jú ìgbọ́ràn láyé lé ní 430 mílíọ̀nù, àti pé nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kéré jù, èyí tó pọ̀ jù ni kò ní audiologist kan ṣoṣo fún mílíọ̀nù kan èèyàn. Nàìjíríà ò sí lára àwọn tí wọ́n pè ní tálákà jù lọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sí ẹ̀ka ENT láti aago méje àárọ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Àwọn tá a kọ́, ibo ni wọ́n wà? Nàìjíríà wà lórí ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí WHO ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá ṣa òṣìṣẹ́ ìlera wọn lọ, torí tiwọn gan-an ò tó. Ìwé yẹn ò ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ má lọ, àwọn èèyàn sì ń lọ lójoojúmọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó dán etí ìyá yín wò n'Íbàdàn ló ń dán ti bàbá Òyìnbó kan wò ní Manchester báyìí, láìnì ibẹ̀ náà ò sì tíì tán. Mi ò bú ẹni tó lọ. Ní 2021, ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà NARD bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹjọ, ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, owó tí ìjọba jẹ wọ́n sì wà lára ìjà náà. Ẹni tí ọjọ́ àdéhùn rẹ̀ bọ́ sáàárín oṣù méjì yẹn, ta ló ka ọjọ́ fún un?

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe kí ọjọ́ má baà lọ

Fún ọmọdé, ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ tuntun tí ilẹ̀kùn bá gbá gbàà tí kò ta kìjí, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí kì í yíjú síbi tí ohùn ti wá, ẹ gbé e lọ. Ọmọ tó bá ti ní ibà pọ́njú tó le nígbà tí wọ́n bí i, tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí àtàrí ẹyin, tàbí tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ gentamicin fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kódà bí kò bá ṣe nǹkan kan. Yírùnyírùn ló ń kánjú jù: lẹ́yìn tí ara ọmọ bá yá, inú etí lọ́hùn-ún lè bẹ̀rẹ̀ sí í di egungun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó bá sì ti dì tán, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ sínú etí á ṣòro. Ẹ bèèrè ìdánwò ìgbọ́ràn kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù.

Tí wọ́n bá wá ní ọmọ ò gbọ́, tówó ẹ̀rọ ò sì tíì sí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ jókòó lásán. Èdè ọwọ́ ò ní láìnì, kò ní bátìrì. Láti 1960 tí Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà, ti dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ni a ti ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ nílẹ̀ yìí. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé tí ọmọ bá kọ́ èdè ọwọ́, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí kò ní èdè kankan rárá títí tó fi pé ọdún méje ló yẹ ká bẹ̀rù fún.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England: ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, NHS ti gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àwọn àgbà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù bíi Specsavers, NHS ló sì ń sanwó. Àgbà tí etí rẹ̀ kàn ń gbó lásán lè gba ibẹ̀, láìnì ibẹ̀ sì lè kúrú ju ti ọsibítù lọ. Ẹ bi GP bóyá ó wà ládùúgbò yín. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo etí náà bóyá ìdọ̀tí wà níbẹ̀, kí wọ́n má baà dá yín padà lọ́jọ́ ìdánwò.

Etí tó ń ṣọyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ló ni ín, kì í ṣe òróró gbígbóná, kì í ṣe ìyẹ́ adìyẹ. Ìlù etí lè ti lu, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sì dà síbẹ̀ á wọlé lọ tààrà.

Ọ̀kan ṣoṣo wà tí kò gbọdọ̀ bọ́ sórí láìnì rárá, níbí tàbí lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá sùn tẹ́ ẹ jí tí etí kan ò gbọ́ mọ́, tàbí tó lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pàjáwìrì ni. NICE ní tí kò bá tíì ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ tó ṣẹlẹ̀, kí dókítà etí rí onítọ̀hún láàárín wákàtí 24, torí oògùn tí wọ́n máa ń lò fún un ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, agbára rẹ̀ ti ń dín kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé omi ló wọ̀ ọ́ tàbí pé ọ̀fìnkìn ni, wọ́n á lọ ra oògùn etí, wọ́n á máa retí. Ẹ kọjá sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má kàn sọ pé "etí ń ṣe mí," torí wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ gba ọjọ́. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, àti etí wo ni, kẹ́ ẹ sì ní kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì lójú yín.